Tábà Ìkòkò Àwọn Àgbà Wa àti Ibi Tí Adùn Rẹ̀ Ti Wá

Nígbà tí a ń kó àwòrán àtijọ́ jọ fún ìwé ọdún yìí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín ní Madagascar béèrè pé kí ni bàbá kan nínú àwòrán gbé sẹ́nu. A ní ìkòkò ni, ìkòkò tábà. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé ìkòkò ọbẹ̀ ni à ń wí. (Ẹ̀yin ará ilé tí ìwé yìí bá dé ọwọ́ yín, Madagascar tiwa kì í ṣe erékùṣù inú òkun lọ́hùn-ún o. Àdúgbò kan ní ìlú Douala ni.) Ẹ̀rín ọmọ náà ló jẹ́ kí a kọ èyí.

Àwa tí a ti gbọ́njú kí a tó kúrò nílé rántí bí wọ́n ṣe máa ń rán wa ní tábà. Ìyá àgbà á tú owó ní ìdí aṣọ, á ní kí a sáré dé ọ̀dọ̀ ìyá onítábà. Bí a bá ra èyí tí kò tọ́ bọ̀, wọn kì í tíì tú u tán tí wọ́n á ti mọ̀. Wọ́n á gbé e sí imú, wọ́n á fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní, "Gbé e padà fún un, sọ fún un pé kì í ṣe èyí ni mo máa ń rà." A ó tún sáré padà nínú oòrùn. Bí a ṣe kọ́ ọ nìyẹn, ẹsẹ̀ ló fi san owó ẹ̀kọ́. Èyí tó gbẹ, tó ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ lọ́wọ́, tí òórùn rẹ̀ ń ta ni nímú tí ó fi ń mú ni sín, ti aáṣáà ni. Wọ́n á fi káún sí i, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná. Èyí tó dúdú, tó rọ̀, tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, tó sì ń ta sánsán bí omi ìrèké tí a sè, ti ìkòkò nìyẹn. Ìyá àgbà ní tábà gidi gbọ́dọ̀ dùn lọ́nà ọ̀fun kí ó tó korò. Ọmọdé tó bá wò ó tì, tó sì fà á wò nígbà tí wọn kò sí nílé, kíkorò rẹ̀ nìkan ló máa ń bá.

Adùn ìrèké yẹn kì í ṣe àsọdùn àwọn àgbà. Ó ní ìtàn.

Tábà kì í ṣe ewé ilẹ̀ wa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, àwọn Potogí àti àwọn Òyìnbó mìíràn ló sì gbé e dé etíkun wa. Àwọn tó ń walẹ̀ wá ohun àtijọ́ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà máa ń fi àfọ́kù ìkòkò tábà mọ ọjọ́ orí ilẹ̀: ibi tí wọ́n bá ti rí i, wọ́n mọ̀ pé ibẹ̀ kò lè ṣáájú nǹkan bí ọdún 1600. Ó ti wá wọ ara wa tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn agbẹ́gilére fi ń gbẹ́ ère Èṣù pẹ̀lú ìkòkò lẹ́nu.

Bahia ní Bràsíl ni tábà tí àwọn èèyàn etíkun wa fẹ́ràn jù ti ń wá, pàápàá láti àgbègbè Cachoeira. Wọ́n máa ń ya ewé náà sí ọ̀nà mẹ́ta. Èyí tó dára jù àti èyí tó tẹ̀ lé e, ti Lisbon ni. Èyí tó kù, tí wọ́n kà sí pàǹtí, ni ìjọba Potogí gbà kí wọ́n kó wá sọ́dọ̀ wa. Nítorí pé ewé náà kò lágbára, wọ́n máa ń lọ́ ọ bí okùn, wọ́n á fi omi ìrèké dúdú pa á lára dáadáa kí ó má baà gbẹ kí ó sì fọ́, wọ́n á wá ká a jọ. Omi ìrèké tí wọ́n fi tún pàǹtí ṣe yìí gan-an ni àwọn èèyàn wa ń fẹ́. Ní Ouidah, ní Àjàṣẹ́, ní Àgbádárìgì àti ní Èkó, òórùn rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti ará Hòlándì gbìyànjú láti fi tábà tiwọn rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà kò gbà. Àwọn ará Hòlándì, tí wọ́n gba odi Elmina lọ́wọ́ àwọn Potogí ní ọdún 1637, wá ọgbọ́n mìíràn dá: ọkọ̀ tó bá ti Bahia bọ̀ gbọ́dọ̀ yà níbẹ̀, kí ó fi ìdá kan nínú mẹ́wàá tábà rẹ̀ sílẹ̀, kí ó tó kọjá lọ tajà.

Kí ni wọ́n wá ń fi tábà yìí rà? Àwọn kan nínú wa ní kí a fo ibí yìí, pé ìwé àjọyọ̀ ni ìwé ọdún. A gbọ́ tiwọn, ṣùgbọ́n a kò lè fò ó. Èèyàn ni wọ́n ń fi í rà. Wọ́n ń ká tábà bí okùn wá, wọ́n ń fi okùn di ọmọ ọlọ́mọ lọ. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń tú, tí ogun sì gba ilẹ̀ wa kan, àwọn Yorùbá pọ̀ púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó lọ sí Bahia. Àwọn ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn Mùsùlùmí tó dìde ní ìlú Salvador ní ọdún 1835. Ẹrú ló sì ń ṣiṣẹ́ nínú oko tábà ibẹ̀. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ti tọ́jú ewé tí wọ́n fi ra àbúrò. Àwọn àgbà tó rán wa níṣẹ́ kò mọ èyí, a kò sì dá wọn lẹ́bi. Àwọn tó ń ṣòwò náà létíkun, funfun àti dúdú, wọ́n mọ̀.

Bràsíl fi òfin dá òwò yìí dúró ní ọdún 1850, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì yìnbọn lu Èkó ní 1851. Tábà kò dúró. Àwọn Àgùdà tó padà wálé ń bá òwò Bahia lọ, wọ́n ń kó tábà bọ̀, wọ́n ń kó epo pupa, obì àti aṣọ òfì lọ. Ìran àwọn onítábà tí wọ́n rán wa sí kò jìnnà sí èyí.

Sìgá ló lé ìkòkò kúrò níta. Ní 1933 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ sìgá sílẹ̀ ní Òṣogbo, ti Ìbàdàn tẹ̀ lé e, àwọn àgbẹ̀ Ìṣẹ́yìn sì bẹ̀rẹ̀ sí gbin ewé fún wọn. Níhìn-ín ní Kamẹrúùnù náà, ilé iṣẹ́ sìgá ló fún àdúgbò Bastos ní Yaoundé lórúkọ. Ewé Batouri sì di olókìkí lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, òun ni wọ́n fi ń wé ìta sìgá ńlá àwọn olówó òkè-òkun. Àwọn ará Bamoun ní Foumban mọ ìkòkò mọ gan-an, ti amọ̀ àti ti idẹ. Bàbá inú àwòrán wa máa ń bá wọn jiyàn pé tábà tiwọn kò dùn.

Ikọ́ ló dá bàbá náà dúbúlẹ̀ nígbẹ̀yìn. Àwọn dókítà ti fi yé wa pé èéfín ìkòkò ń ba ẹnu, ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ bí ti sìgá, nítorí náà a kò kọ èyí kí ọmọ ẹnikẹ́ni lè lọ fà á wò. Ìkòkò rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n gbé e wá sí ìpàdé wa, a gbà á lọ́wọ́ ara wa láti orí àga kan dé èkejì. Nígbà tó kan ọmọ tó béèrè ìbéèrè, ó gbé e sí imú, ó ní ó ń rùn bí ìrèké.