Àdúrà Ilé Kan ní Èbúté-Mẹ́ta

Bí a bá ń sọ ìtàn iṣẹ́ ìhìnrere ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ará òkè òkun tó gbé Bíbélì wá ni a sábà máa ń dárúkọ. Henry Townsend dé Abẹ́òkúta ní ọdún 1843, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Ìdajì ìtàn péré ni èyí. Ìdajì kejì ni bí àwọn tí a wàásù fún ṣe di oníwàásù, tí wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà sọdá òkun padà. Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí èyí ti bẹ̀rẹ̀ ni Èbúté-Mẹ́ta, nítòsí Yábàá ní ìlú Èkó.

Ó ti pẹ́ tí àdúgbò yìí ti jẹ́ ibi ààbò fún onígbàgbọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1867, rògbòdìyàn tí àwọn Ẹ̀gbá ń pè ní Ìfọ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Wọ́n kó ilé ìsìn, wọ́n sì lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere jáde. Ọ̀pọ̀ Ẹ̀gbá tó jẹ́ Kristẹni sá wá sí Èkó, Gómìnà Glover sì fún wọn ní ilẹ̀ ní Èbúté-Mẹ́ta.

Àdúgbò yìí náà ni Josiah Olúfẹ́mi Akíndáyọ̀mi ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀. Ìlú Oǹdó ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1909. Ó ṣe ìrìbọmi ní ìjọ C.M.S., ó sì di ọmọ ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù ní ọdún 1931. Kò mọ̀wé kà, kò sì mọ̀ ọ́n kọ. Àdúrà àti ààwẹ̀ ni ohun èlò rẹ̀. Ní ọdún 1952, ó kúrò nínú ẹgbẹ́ náà, òun àti àwọn ènìyàn díẹ̀ sì ń péjọ fún àdúrà nínú ilé kan ní òpópónà Willoughby. Ẹgbẹ́ Ògo Olúwa ni wọ́n ń pe ara wọn.

Ìjọ náà sọ pé nínú ìran ni olùdásílẹ̀ ti rí orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ títí di òní: ó rí ọ̀rọ̀ lára pátákó ní èdè tí kò gbọ́, ó sì da á kọ lẹ́tà lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ náà ni Redeemed Christian Church of God. Wọ́n tún sọ pé Ọlọ́run bá a dá májẹ̀mú pé ìjọ náà yóò dé òpin ayé. Ìlérí ńlá ni èyí fún ọkùnrin tó jẹ́ pé èdè Yorùbá ló fi ń wàásù.

Ògbufọ̀ ni ó la ọ̀nà. Ní ọdún 1973, Enoch Adébóyè, olùkọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní Yunifásítì Èkó ní Akọkà, dara pọ̀ mọ́ ìjọ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ ìwàásù Akíndáyọ̀mi láti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1973 yìí kan náà, William Kúmúyì, olùkọ́ ìṣirò mìíràn ní yunifásítì náà, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Bíbélì pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 15. Ibẹ̀ ni ìjọ Deeper Life ti jáde. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń wọ inú àdúrà tí wọ́n rò tẹ́lẹ̀ pé ti púrúǹtù ni. Nígbà tí Akíndáyọ̀mi kú ní ọdún 1980, ògbufọ̀ rẹ̀ ni ó gba ipò rẹ̀ ní ọdún 1981. Ọ̀dọ̀ àgbà tí kò mọ̀wé ni ọ̀mọ̀wé ti kọ́ iṣẹ́ Ọlọ́run.

Ìjọ náà fi ṣe àfojúsùn pé kí ilé ìsìn wà ní ìwọ̀n ìrìn ẹsẹ̀ ìṣẹ́jú 5 síra wọn ní àwọn ilẹ̀ tó ń gòkè àgbà, àti ìwọ̀n ìrìn ọkọ̀ ìṣẹ́jú 5 ní àwọn ilẹ̀ tó ti gòkè. Kì í ṣe ajíhìnrere tí wọ́n fi owó rán nìkan ló gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù àti Texas. Akẹ́kọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ tó wá oúnjẹ òòjọ́ lọ ni wọ́n péjọ sí pálọ̀ ara wọn láti gbàdúrà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe ní òpópónà Willoughby. Nínú ìgbé ayé ojoojúmọ́ ni iṣẹ́ ìhìnrere yìí ti hù jáde.

Síbẹ̀, iṣẹ́ kò tíì tán. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ Nàìjíríà ni ó pọ̀ jù nínú ọ̀pọ̀ àwọn ìjọ wọ̀nyí. Àwọn onílé kò pọ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún kò gbọ́ èdè tí àwọn òbí wọn fi ń ké pe Ọlọ́run ní òru. Odò tó bá gbàgbé orísun, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Èyí tó bá sì kọ̀ láti ṣàn, yóò di adágún. Ní ọdún 1973, ẹni tó gbọ́ èdè àgbà tó sì gbọ́ ti àjèjì ni ìjọ nílò. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó ṣì nílò lónìí, ní Èkó àti lẹ́yìn òkun.