Oògùn Tó Gbẹ̀mí Là, àti Ohun Tí Ó Gbà Lọ́wọ́ Ara

Ní ọdún 1866, ní ìlú Freiburg nílẹ̀ Jámánì, Adolf Kussmaul àti Rudolf Maier kọ̀wé nípa télọ̀ ọmọ ọdún 27 kan tí àìsàn pa mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú rẹ̀ wò, iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wú ní kókó kókó. Wọ́n fún àrùn náà lórúkọ, ṣùgbọ́n wọn kò ní oògùn rẹ̀. Nínú àwọn àrùn ìwúlé iṣan ẹ̀jẹ̀ bí èyí, ohun tó yẹ kó máa dáàbò bo ara ló ń bá iṣan ẹ̀jẹ̀ jà. Iṣan á wú, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè kọjá, kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀fóró sì lè bàjẹ́. Ní ti oríṣi tí Friedrich Wegener ṣàlàyé ní 1936, ìwádìí 1958 fi hàn pé nǹkan bí oṣù 5 ni ẹni tí kò rí ìtọ́jú máa ń lò kó tó kú.

Ìrètí kọ́kọ́ yọ ní 1948, nígbà tí Philip Hench fún obìnrin kan tí làkúrègbé dè mọ́lẹ̀ ní cortisone ní Mayo Clinic, tí obìnrin náà sì dìde rìn. Nígbà tí wọ́n lo oògùn yìí fún ìwúlé iṣan ẹ̀jẹ̀, ó rọ̀ ọ́ lójú, ṣùgbọ́n kò ṣẹ́gun rẹ̀.

Bethesda, ní Amẹ́ríkà, ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Anthony Fauci àti Sheldon Wolff mú cyclophosphamide, oògùn jẹjẹrẹ tó jẹ́ ìbátan gáàsì olóró Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n ń fún aláìsàn ní díẹ̀ díẹ̀ lójoojúmọ́ pẹ̀lú prednisone, ìbátan cortisone. Ní 1983 wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde: nínú aláìsàn 85 tó ní oríṣi ti Wegener, àrùn náà lọ pátápátá lára ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún. Àrùn tí kì í fún èèyàn ní ọdún kan!

Àwọn tó yè ni ara wọn wá sọ ìyókù. Ní 1992, ilé ìwádìí Bethesda kan náà ṣírò ohun tó dé bá aláìsàn 158: àpò ìtọ̀ ọ̀pọ̀ wọn bó, jẹjẹrẹ mú àwọn mìíràn níbẹ̀, ọ̀pọ̀ obìnrin ò sì lè bímọ mọ́. Lójú tèmi, iṣẹ́ yìí níyì ju ti 1983 lọ, torí Fauci tó gbayì lórí oògùn náà wà lára àwọn tó ka àbùkù rẹ̀ síta.

Látìgbà náà, bí ìyà oògùn yóò ṣe dín kù ni wọ́n ń wá. Ní 2003, wọ́n rí i pé bí àrùn bá ti rọlẹ̀, azathioprine lè gba ipò cyclophosphamide. Ní 2010, rituximab, tó ń pa sẹ́ẹ̀lì B nìkan lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń dáàbò bo ara, ṣiṣẹ́ bíi ti cyclophosphamide. Avacopan tó wọlé ní 2021 sì ń jẹ́ kí prednisone dín kù. Níbi tí owó àwọn oògùn tuntun yìí kò ti ṣeé san, cyclophosphamide náà ni wọ́n ṣì ń lò, ṣùgbọ́n oṣù díẹ̀ ni, kì í ṣe ọdún, wọ́n sì máa ń ní kí aláìsàn mu omi púpọ̀ kí omi náà lè ṣan àpò ìtọ̀ mọ́.