Wọlé Kò Ní Kó Bára Mu

Ní Ìwó níbí, power pack tòkunbọ̀ kan dé ọwọ́ wa láìsí wáyà rẹ̀. A mú wáyà òmíràn, ó wọlé wẹ́rẹ́. A tan kọ̀ǹpútà, èéfín rú, hard disk kú, iṣẹ́ oṣù mẹ́ta bá a lọ. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn.

Nígbà tí IBM gbé PC jáde ní 1981, ẹnu wáyà méjì, P8 àti P9, ló ń gbé iná wọ motherboard. Òfin àwọn oníṣẹ́ ò ju ẹyọ kan lọ: dúdú sún mọ́ dúdú. Ẹni tó bá ṣì í fi, motherboard rẹ̀ lè jóná. Ní 1995, Intel mú ìlànà ATX wá: ẹnu kan ṣoṣo, ihò 20, tí kò ṣeé tì bọ̀ lódì. Ó di 24 lẹ́yìn náà. Wáyà yẹ́lò ń gbé fóòtì 12, pupa 5, aláwọ̀ ọsàn 3.3.

Ìgbà tí power pack tí wáyà rẹ̀ ṣeé yọ dé ni wàhálà padà. Ẹnu tó wọ motherboard àti àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà yòókù nìkan ni òfin ká. Èyí tó wọ power pack, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló tò ó bó ṣe wù ú. Fóòtì 12 wá lè gba ojú ọ̀nà 5. Wáyà tí wọ́n ń fọwọ́ ṣe fún ẹwà tún burú sí i: gbogbo rẹ̀ lè dúdú kirimú, àwọ̀ ò sọ nǹkan kan fún wa mọ́.

Ní báyìí, a máa ń kọ orúkọ power pack sára wáyà rẹ̀. Èyí tí a ò bá mọ bàbá rẹ̀, mítà ló ń kọ́kọ́ bi í léèrè.