Aṣọ Ìsàmì Àjogúnbá àti Àwọn Ọwọ́ Tí Ó Hun Ún

Àwọn àgbà ni wọ́n wí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ṣùgbọ́n aṣọ ọmọdé kan wà ní ààfin ọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó pẹ́ láyé ju gbogbo àgbà tí ó wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lọ, tí àwọn tí ó tún wọ̀ ọ́ lẹ́yìn wọn sì di ọba, di arúgbó, di ẹni àná, kí òun fúnra rẹ̀ tó di ohun tí a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ líle kàn mọ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì ọdún 1841 ni wọ́n wọ̀ ọ́ fún ọmọbìnrin tí Ọbabìnrin Victoria fi ṣe àkọ́bí, tí òun náà ń jẹ́ Victoria, nígbà tí wọ́n sàmì fún un ní ààfin Buckingham. Aṣọ yìí kan náà ni Edward Keje, George Karùn-ún, Elizabeth Kejì àti Charles Kẹta wọ̀ ní ọjọ́ ìsàmì tiwọn. Ẹni tí ó sì wọ̀ ọ́ kẹ́yìn ni Louise Windsor, ní ọdún 2004, tí iye àwọn ọmọ náà fi pé 62. Láti ìgbà náà, ẹ̀dà rẹ̀ ni wọ́n ń lò. Ìtàn bí irú aṣọ báyìí ṣe dé ayé, àti bí a ṣe ń fi ọwọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ni kókó àpilẹ̀kọ yìí.

Aṣọ funfun ti wà nínú ìsàmì láti ayébáyé ìjọ Kristi. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àlùfáà a máa da aṣọ funfun kékeré kan bo ọmọ tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sàmì fún. Ìwé Àdúrà ti ọdún 1549 sì pa á láṣẹ pé kí ìyá ọmọ mú aṣọ náà padà wá sí ilé Ọlọ́run nígbà tí ó bá ń bọ̀ wá dúpẹ́ ìbímọ. Bí ọmọ náà bá kú láàárín oṣù kan, aṣọ yìí gan-an ni wọ́n fi ń sin ín. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọlọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣẹ́dà tí ń dán rán ẹ̀wù fún ọmọ, àti ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, ẹ̀wù gígùn tí a fi òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rán gba ipò, èyí tí ó gùn ju ọmọ tí ó wọ̀ ọ́ lọ dáadáa, tí ó sì ń ṣàn sílẹ̀ láti apá ẹni tí ó bá gbé ọmọ náà.

Ìlú Ayr ní Skọ́tíláǹdì ni ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ ti di iṣẹ́ tí a fi ń jẹun. Ní ọdún 1814, obìnrin oníṣòwò kan tí wọ́n ń pè ní Ìyáàfin Jamieson yá ẹ̀wù ọmọdé kan lọ́wọ́ Lady Mary Montgomerie, tí ó mú un ti òkè òkun bọ̀, ó wo bí abẹ́rẹ́ ṣe kún inú àwọn ihò rẹ̀ pẹ̀lú okùn tín-ínrín, ó sì kọ́ àwọn obìnrin àdúgbò rẹ̀. Láìpẹ́, iṣẹ́ náà ti wọ abúlé dé abúlé. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà láti 1861 sí 1865 ni ó dínà mọ́ òwú wọn, àwọn ẹ̀rọ ilẹ̀ Swítsáláǹdì tí ń kó iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sára aṣọ sì gba ìyókù oúnjẹ náà lẹ́nu wọn. Ìdílé àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ni èyí tí ó ń ṣe léèsì Swítsáláǹdì àti ti Ọ́stríà tí àwa náà ń fi ṣe aṣọ ẹbí ti wá. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó lè sọ nínú wa pé ọ̀ràn àwọn obìnrin Ayr kò kan òun rárá.

Ṣùgbọ́n kí òǹkàwé má ṣe fi léèsì tí a ń rà ní ọjà Balógun wé èyí tí ó wà lára aṣọ ìsàmì ọmọ ọba. Tiwa, orí aṣọ tí ó ti wà nílẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ti ṣe ọnà rẹ̀. Ti Honiton kò ní aṣọ kankan ní abẹ́: òwú nìkan ni, òwú tí a gbé kọjá ara, tí a lọ́ mọ́ra, títí òfìfo yóò fi di òdòdó. Honiton jẹ́ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Devon, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n inú àwọn abúlé tí ó yí i ká, bíi Beer àti Branscombe, ni wọ́n ti ń hun púpọ̀ nínú léèsì tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àfi bí ẹni pé àwọn oníṣòwò Devon gbọ́ òwe yìí, tí wọ́n sì fi ṣe ibi, nítorí ọmọbìnrin ọdún márùn-ún sí mẹ́fà ni wọ́n ń kó jọ sínú yàrá kan tí wọ́n ń pè ní ilé-ẹ̀kọ́ léèsì, kí ìka kéékèèké lè mọ iṣẹ́ náà kí ó tó le. Ọjà ni wọ́n sì fi ń san owó iṣẹ́ fún púpọ̀ nínú àwọn ìyá wọn, dípò owó.

Nígbà tí a ṣì ń fi ọwọ́ hun àwọ̀n tí àwọn òdòdó léèsì dúró lé, ìtàn àdúgbò náà sọ pé oníṣòwò a máa tẹ́ ṣílè sórí àwọ̀n náà, iye ṣílè tí ó bá sì bò ó tán ni owó rẹ̀. Ẹni tí ó fi òpin sí èyí ni John Heathcoat, tí ó gba àṣẹ fún ẹ̀rọ tí ń hun àwọ̀n ní ọdún 1809. Ní 1816 àwọn òṣìṣẹ́ tí inú ń bí fọ́ àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ ní ìlú Loughborough, ló bá kó ẹrù rẹ̀, ó sì lọ tẹ̀dó sí Tiverton. Devon kan náà ni Tiverton wà! Bí ọlọ́jà ṣe wá jókòó sí ẹ̀bá àwọn tí ó gba ọjà lọ́wọ́ wọn nìyẹn. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ahunléèsì ti ń hun òdòdó àti ewé nìkan, tí wọ́n sì ń gbé e lé orí àwọ̀n tí ẹ̀rọ ṣe.

Inú ìṣòro yìí ni Ọbabìnrin Victoria bá wọn. Nígbà tí ó fẹ́ Albert ní ọdún 1840, kò wọ léèsì Brussels tí ayé ń gbé gẹ̀gẹ̀, léèsì Devon ni ó wọ̀: Jane Bidney, ọmọ Beer, ni wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, obìnrin tí ó ju 200 lọ ni wọ́n jùmọ̀ hun ún, 1,000 pọ́n-ùn ni wọ́n sì ní ó jẹ́. Ní ọdún kejì ni aṣọ ìsàmì tẹ̀ lé e, tí wọ́n fi léèsì Honiton ṣe, pẹ̀lú ṣẹ́dà Spitalfields ní Lọ́ńdọ̀nù tí ó wà ní abẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó rán an ni Janet Sutherland, ọmọ awakùsà èédú kan ní Falkirk, tí ọbabìnrin tìtorí iṣẹ́ rẹ̀ fi oyè Aṣiṣẹ́-abẹ́rẹ́ fún Ọbabìnrin dá lọ́lá. Ó dára pé a mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn tí ó hun léèsì náà ńkọ́? Ìwé ìtàn kọ orúkọ gbogbo ọmọ tí ó wọ aṣọ náà, pẹ̀lú ọjọ́, pẹ̀lú omi odò Jọ́dánì tí wọ́n fi sàmì fún wọn. Ti àwọn obìnrin tí ó fi ojú ara wọn ra á kò sí nínú ìtàn tí gbogbo ayé ń pa.

Ọbabìnrin yìí kan náà ni ó ṣe ìyá ìsàmì fún ọmọ Èkó kan. Aina, ọmọ Òkè-Ọ̀dàn tí àwọn ọmọ ogun Dáhòmì kó lẹ́rú, tí ayé mọ̀ sí Sarah Forbes Bonetta, fẹ́ James Davies ní Brighton ní ọdún 1862. Nígbà tí wọ́n sì bí ọmọbìnrin ní ọdún kejì, wọ́n fi orúkọ ọbabìnrin sọ ọ́, òun náà sì fi ife wúrà àti àwo rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀bẹ, fọ́ọ̀kì àti ṣíbí. Wúrà ni ó wá sí Èkó. Léèsì dúró sí ààfin.

Ṣẹ́dà tí ó wà ní abẹ́ léèsì náà kì í gbó bí òwú ṣe ń gbó. Ìmọ́lẹ̀ àti òógùn ni ó ń jẹ ẹ́ láti inú wá, títí yóò fi máa fọ́ bí ewé gbígbẹ níbi tí a bá ti ṣẹ́ ẹ po, bẹ́ẹ̀ ni léèsì tí ó wúwo a sì máa fa ìyókù ya. Ẹni tí ó ń fi aṣọ ìdílé pamọ́ sínú àpótí láìtú u wò kò mọ̀ pé ojú ìṣẹ́po kan náà ni ó ń pa á lọ́dọọdún. Nítorí náà ni ẹ̀dà ṣe pọndandan. Kì í ṣe pé a fẹ́ fi ayédèrú rọ́pò òtítọ́, bí àwọn kan ṣe ń wí, bí kò ṣe pé kí ojúlówó lè sinmi.

Ẹni tí yóò hun ẹ̀dà léèsì àtijọ́ kì í kọ́kọ́ fọwọ́ kan òwú. Yóò tẹ́ léèsì náà sórí aṣọ dúdú, yóò sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá máa wá ihò kiri, nítorí pé ibi gbogbo tí píìnì ti dúró ní ọjọ́ tí wọ́n hun ún ni ihò kan wà títí di òní. Lórí àwòrán tí ó tóbi ju léèsì lọ ni yóò ti fi tádàwà tọ́ka sí ihò kọ̀ọ̀kan, yóò dín àwòrán náà kù padà, yóò fi abẹ́rẹ́ lu páálí tí ó le ní ojú tádàwà náà, bí àwọn ará ìṣáájú ṣe ń lu awọ, yóò sì kan páálí yìí mọ́ orí ìrọ̀rí líle tí a fi koríko gbígbẹ kún. Nígbà náà ni ó tó kan àwọn igi òwú. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, méjì méjì ni wọ́n ń rìn, ti Honiton sì fúyẹ́, ó jọ̀lọ̀, ẹnu rẹ̀ rí ṣómúṣómú, kí ó lè gba inú ojú òwú tín-ínrín kọjá nígbà tí a bá fẹ́ so ewé kan mọ́ èkejì. Ìṣe méjì péré ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé: kí a gbé òwú kan kọjá orí èkejì, àti kí a lọ́ méjì mọ́ra. Gbogbo ìyókù, títí dé etí òdòdó tí ó yọrí sókè, inú ìṣe méjì wọ̀nyí ni ó ti ń jáde, ẹ̀yìn léèsì ni ó sì ń kọjú sókè ní gbogbo ìgbà tí a ń hun ún, tí ahunléèsì kò fi ní rí ojú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ títí yóò fi yọ píìnì tí ó kẹ́yìn. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ewé kan tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ lè gba ahunléèsì ní wákàtí púpọ̀.

Níbi ìwá-ihò yìí ni ẹ̀dà-ṣíṣe ti ń sọ ohun tí ìwé ìtàn kò sọ. Ní Devon, obìnrin kan lè máa hun irú ewé kan ṣoṣo láti ìgbà èwe rẹ̀ títí ojú rẹ̀ yóò fi ṣú, kí ẹlòmíràn máa hun òdòdó, kí ẹnì kẹta sì máa kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nítorí náà ọwọ́ púpọ̀ ni ó wà nínú ẹ̀wù kan. Bí a bá ti gbé awò lé e, ọwọ́ wọ̀nyí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ya ara wọn sọ́tọ̀: ti ẹni kan fa òwú le, ewé rẹ̀ sì ká díẹ̀ ní etí, ti ẹlòmíràn dẹ̀, ẹnì kan wà tí ó fo píìnì kan ní ibi kan náà nínú gbogbo ewé rẹ̀. Àwọn kan a tún àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ṣe nínú ẹ̀dà wọn, kí iṣẹ́ lè mọ́. Mo rò pé wọ́n ṣe ohun tí kò yẹ. Píìnì tí a fò yẹn ni àmì kan ṣoṣo tí obìnrin yẹn fi sílẹ̀ fún wa, ẹni tí ó bá sì tún un ṣe ti pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀dà ti ààfin ni Angela Kelly, aṣọ́ṣọ Ọbabìnrin Elizabeth Kejì, ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀; James, àbúrò Louise, ni ó sì kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ní oṣù Kẹrin ọdún 2008, kí ó tó kan George ní 2013, Charlotte ní 2015 àti Louis ní 2018. Kelly ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òun máa ń fi bí iṣẹ́ ṣe ń lọ han ọbabìnrin, àti pé kí léèsì tuntun má baà funfun ju bí ó ti yẹ lọ, inú abọ́ omi tútù tí ó ní àpò tíì Yorkshire kan nínú ni wọ́n ti rẹ ẹ́, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ọgbọ́n obìnrin ilé ni èyí, ó sì dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìtọ́jú aṣọ ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kì í fẹ́ kí tíì kan aṣọ, nítorí pé oje tí ó ń fún un ní àwọ̀ yẹn ní kíkan nínú, a sì máa jẹ òwú bí ọdún ti ń lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ẹ̀dà tirẹ̀ pé ọgọ́rùn-ún ọdún, kí ó ra òwú tí àwọ̀ rẹ̀ ti jọ ti àtijọ́ láti ọjà, kí ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìdílé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó máa ń fi abẹ́rẹ́ kọ orúkọ àwọn ọmọ tí ó ti wọ aṣọ ìsàmì wọn sí ara ẹ̀wù abẹ́ rẹ̀, ọmọ kan tẹ̀ lé òmíràn, pẹ̀lú ọdún. Nígbà tí a bá ń rán ẹ̀dà, ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí a kọ ọdún tí a rán an sí, kí ẹni tí yóò bá a lọ́la má baà pè é ní ti 1841; kí a sì kọ orúkọ ẹni tí ó hun léèsì náà ṣáájú ti ọmọ àkọ́kọ́.