Ohun tí A fi ń Di Ọjà ní Ọ̀yìngbò: Láti Orí Ewé dé Orí Èèpo Àgbọn

Àwọn àgbà ní ọjà Ọ̀yìngbò kò mọ̀ pé ẹnì kan kò wá. Ẹrù kì í sì í wọ́n níbẹ̀, nítorí kò jìnnà sí Ìdó, níbi tí ojú irin tó wọ Ìbàdàn ní 1901 ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ọ̀rá tó gbòde, ewé ni a fi ń pọ́n ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀, apẹ̀rẹ̀ ni a fi ń kó tòmátò. Bí a bá jù wọ́n nù, wọn a jẹrà. Ọ̀rá gba ipò ewé nítorí pé ó fúyẹ́, kì í jò, kò sì wọ́n. Àmọ́ kì í jẹrà. Gọ́tà ló ń dí.

Ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de abọ́ fóòmù. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Agẹmọ 2025, òfin náà kan ọ̀rá fẹ́lẹ́ àti àwọn ike mìíràn tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan sọnù.

Kí ni yóò rọ́pò wọn? Ní Àgbádárìgì, ilẹ̀ àgbọn ní ìpínlẹ̀ kan náà, fọ́nrán líle wà nínú èèpo àgbọn. Ní Kerala, ní Íńdíà, wọn a rẹ èèpo náà sómi fún oṣù mẹ́fà sí mẹ́wàá, wọn a lù ú, wọn a fi fọ́nrán rẹ̀ ṣe okùn. Bí a bá fi oje rọ́bà pò ó, a di tìmùtìmù. Kò lè gba ọbẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n ó lè gba ipò fóòmù lábẹ́ ohun tó ń fọ́.

Ọ̀rá fi owó pọ́ọ́kú borí ewé. Ohun tí yóò borí ọ̀rá kò gbọdọ̀ ju agbára ìyá ọlọ́jà lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun ni yóò san owó òfin náà.