Ọwọ́ Tí Kì Í Jẹ́ Kí Ìlù Ya

Àwọn àgbà ní, "Ìlù tó bá dún àdúnjù, yíya ní í ya." Ẹni tí ayé ń yẹ́ sí títí tó fi gbàgbé ara rẹ̀ ni a sábà máa ń pa òwe yìí fún. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo onílù fúnra rẹ̀ ná. Ọwọ́ ọ̀tún onídùndún ló di kọ̀ǹgọ́ mú, òun ni gbogbo agbo ń wò. Ọwọ́ òsì wà lára ọsán, ó ń fún un, ó ń dẹ̀ ẹ́. Bí ọwọ́ òsì yìí bá ṣíwọ́, ìlù ò ní lè fọhùn mọ́. Ohùn kan ṣoṣo ni yóò máa tẹnu mọ́.

Ọpọlọ èèyàn ní ọwọ́ òsì tirẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn nínú rẹ̀ tó bílíọ̀nù 86. Lára èyí tó wà ní èèpo ọpọlọ, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún kì í ta ẹlòmíràn jí. Iṣẹ́ tiwọn ni láti pa á lẹ́nu mọ́. GABA ni èròjà tí wọ́n fi ń ṣe é, ọdún 1950 ni Eugene Roberts àti àwọn mìíràn sì kéde pé ó wà nínú ọpọlọ. Bí GABA bá kan sẹ́ẹ̀lì, ó ń ṣílẹ̀kùn fún kílóráìdì, ọ̀kan nínú èròjà méjì tó para pọ̀ di iyọ̀ ọbẹ̀. Bí ìyẹn bá ti wọlé, ìròyìn tí ì bá mú sẹ́ẹ̀lì náà fò sókè kò ní tu irun kan lára rẹ̀.

Ní ìlú Jena, nílẹ̀ Jámánì, Hans Berger gba ìgbì iná ọpọlọ èèyàn sílẹ̀ láti orí ní 1924. 1929 ló tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí ẹni náà bá dijú, ìgbì kan á máa gòkè, á máa sọ̀, bí ìgbà 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá lajú, á rọlẹ̀. Ta ló ń darí irú agbo bẹ́ẹ̀? Ní 1995, àwọn onímọ̀ kan ní Oxford ṣàyẹ̀wò hippocampus eku, ibi tí ìrántí tuntun ti ń fìdí múlẹ̀. Wọ́n rí i pé sẹ́ẹ̀lì apanilẹ́numọ́ kan ṣoṣo lè darí èyí tó lé ní 1,000. Bó bá pa gbogbo wọn lẹ́nu mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbà kan náà ni ara wọn ń tún yá, wọn á sì jọ dún. Ìdákẹ́ àjọṣe ló bí ìlù àjọlù.

Ẹ̀kọ́ náà fẹ́ irú ètò yìí. Ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ ló yẹ kó gba ohun tuntun, kí àwọn yòókù dákẹ́, kí ti àná má baà dà pọ̀ mọ́ tòní. Bí àwọn apanilẹ́numọ́ bá kùnà, tí ogunlọ́gọ̀ sẹ́ẹ̀lì ń dún láìsinmi, wárápá lè dé. Ìlù ya nìyẹn. Dókítà á fún aláìsàn náà ní diazepam, tó ń ti GABA lẹ́yìn, gìrì á sì rọlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ fún màmá kan ní oògùn yìí kí wọ́n tó ki ẹ̀rọ bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun. "Màmá, ẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀." Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó tún dáhùn. Nígbà tó délé, ó bi ọmọ rẹ̀ pé, "Ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ ṣe é?" Ìdákẹ́ ti pọ̀ jù, ìrántí ò rí àyè jókòó.

Oògùn kan náà tún ṣe òdìkejì. Bí a bá di ojú kan ọmọ eku fún ọjọ́ díẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ á kọ́ láti gbára lé ojú kejì. Ní 1998, Takao Hensch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo eku tí GABA rẹ̀ kò tó. Ọpọlọ wọn kò kọ́ nǹkan kan. Wọ́n fún wọn ní diazepam, ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀.

Òwe àgbà kò ní kí ìlù má dún. Àdúnjù ló kọ̀. Ibi tí dídún parí sí tí àdúnjù ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ òsì ló mọ̀ ọ́n.