Ṣé Kí N Padà sí Iléèwé, Àbí Kí N Dúró Sídìí Iṣẹ́?

Lọ́dọọdún, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe IT, ìyẹn ìdánrawò lẹ́nu iṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi ní Ṣómólú bá fẹ́ parí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Ọ̀gá, ṣé kí n padà lọ ṣe HND, àbí kí n dúró sídìí iṣẹ́?" Àwọn òbí wọn náà kì í gbẹ́yìn. Ìyá á pè mí lórí fóònù pé kí n bá òun sọ fún ọmọ òun pé kò sí ohun tó dà bí ìwé. Bàbá á ní owó iléèwé ti wọ́n jù, ọmọ náà sì ti mọ iṣẹ́ débi tó lè fi jẹun. Káàdì ìpè ìnáwó, kàlẹ́ńdà, èèpo ìwé àti páálí ọjà ni à ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí láti ìgbà tí a ti ń fi ọwọ́ to lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìtàn àwọn tó ṣe iṣẹ́ ọnà ṣáájú wa ni mo fi ń dá wọn lóhùn, nítorí púpọ̀ nínú àwọn àgbà wọ̀nyẹn ló dojú kọ ìbéèrè náà, ojú ọ̀nà tí wọ́n gbà sì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó.

Kí òyìnbó tó dá iléèwé sílẹ̀ níbí, ibi iṣẹ́ gan-an ni iléèwé gíga ọlọ́nà. Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ gbígbẹ́ ère. Ẹni tó bá lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá bí Àrẹ́ogun ti Ọ̀sì-Ìlọrin, tó di olóògbé ní 1954, kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ojú ère. Ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ náà ní. Àkọ́kọ́ ni ọ̀nà lílé, níbi tí wọ́n ti ń gé ìtì igi sí ìrísí. Àlétúnlé ló tẹ̀ lé e, níbi tí orí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ti ń yọ. Dídán ló kàn, tí wọ́n á fi gé gbogbo ara ère kó jọ̀lọ̀. Fínfín ló kẹ́yìn, tí ọ̀bẹ á fi fa ìlà irun, ìlà ojú àti ọnà ara aṣọ. Ọmọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ máa pọ́n irin, á máa dán ohun tí ọ̀gá ti gé, ọdún á sì gorí ọdún kí wọ́n tó fi ìtì igi odidi lé e lọ́wọ́. Òpó ààfin, ilẹ̀kùn àti ọpọ́n Ifá tí oníbàárà ń dúró dè ni ọmọ náà fi ń kọ́ṣẹ́. Ẹ̀kọ́ kò sí níhìn-ín kí iṣẹ́ wà lọ́hùn-ún.

Inú ètò bẹ́ẹ̀ ni Lámídì Fákẹ́yẹ ti jáde, ẹni tí wọ́n bí ní Ìlá Ọ̀ràngún ní 1928 sínú ìdílé agbẹ́gilére. Ó ti kọ́ iṣẹ́ nílé bàbá rẹ̀, ó sì ti lọ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ní ìparí àwọn ọdún 1940, ó gbà láti tún di ọmọ iṣẹ́ lábẹ́ Bándélé, ọmọ Àrẹ́ogun, ẹni tó wà lára àwọn tí Fadá Kevin Carroll kó jọ síbi iṣẹ́ ọnà ní Ọyẹ́-Èkìtì. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ìjọba Faransé fún un ní sikọ́láṣípù, ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní Páríìsì. Ní 1978, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní fásitì Ilé-Ifẹ̀. Ère Odùduwà tó wà ní gbọ̀ngàn Odùduwà níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ilé bàbá, ọ̀dọ̀ ọ̀gá, iléèwé òyìnbó, lẹ́yìn náà ó di olùkọ́: ọ̀kan kò ba èkejì jẹ́.

Ní ti àwòrán yíyà, ọwọ́ ara rẹ̀ ni Àìná Ọnàbólú fi bẹ̀rẹ̀. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bí i ní 1882. Nígbà ọmọdé rẹ̀, kò sí iléèwé kankan nílẹ̀ wa tó ń kọ́ni ní àwòrán yíyà, nítorí náà àwòrán inú ìwé àti ìwé ìròyìn òyìnbó ló ń wò tó sì ń yà. Ó gbaṣẹ́ ìjọba ní kọ́sítọ́ọ̀mù l'Ékòó, ó ń ya àwòrán àwọn gbajúmọ̀ ìlú nígbà tó bá ráyè, ó sì ń tọ́jú owó. Àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage tó yà ní 1906 ṣì wà lára àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ń tọ́ka sí títí di òní. Ní 1920 ló wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, sí iléèwé ọnà St John's Wood. Ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni nígbà yẹn. Ní 1922 ó padà wálé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí, ó sì ń lọ láti iléèwé girama kan sí òmíràn l'Ékòó láti kọ́ àwọn ọmọ. Òun ló rọ ìjọba láti mú olùkọ́ ọnà mìíràn wá, èyí tó jẹ́ kí Kenneth Murray dé ní 1927. Nígbà tí ọmọ ogún ọdún bá sọ fún mi pé bí òun kò bá padà síléèwé lọ́dún yìí, ó ti parí fún òun, ọ̀rọ̀ Ọnàbólú ni mo máa ń sọ fún un.

Akínọlá Láṣekàn ní tirẹ̀ kò yan ọ̀kan kó fi ìkejì sílẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, ó sì ń gba ẹ̀kọ́ láti Lọ́ńdọ̀nù nípasẹ̀ lẹ́tà. Wọ́n á fi iṣẹ́ ránṣẹ́, á ṣe é, á fi ránṣẹ́ padà, á sì máa retí àtúnṣe tí ọkọ̀ ojú omi máa gbé dé. Iṣẹ́ tó ń jẹun nínú rẹ̀ sún mọ́ tiwa ní Ṣómólú pẹ́kípẹ́kí: ó ya àwòrán sínú ìwé fún ilé ìtàwé CMS, nígbà tó sì di àwọn ọdún 1940, ó di ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ fún ìwé ìròyìn West African Pilot ti Nnamdi Azikiwe. "Lash" ló máa ń kọ sísàlẹ̀ àwòrán rẹ̀. Àwòrán wọ̀nyẹn ta ìjọba amúnisìn lára, nítorí ẹni tí kò mọ ìwé kà náà lóye wọn. Lẹ́yìn òmìnira, fásitì Nsukka gbà á gẹ́gẹ́ bí olùkọ́.

Ti Ṣadé Thomas-Fahm tún yàtọ̀. Wọ́n bí i ní 1933, ó sì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1953 láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Aṣọ tí wọ́n gbé sójú fèrèsé àwọn ilé ìtajà níbẹ̀ ló yí ọkàn rẹ̀ padà. Ó fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán dé iléèwé St Martin's. Nígbà tó padà dé ní 1960, ọdún òmìnira, kò wá iṣẹ́ ìjọba lọ. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ tirẹ̀ l'Ékòó, ó sì ń fi aṣọ òkè àti àdìrẹ wa rán ohun tí obìnrin lè wọ̀ lọ sí ọ́fíìsì. Òun ló rán ìró tó ní síìpù àti gèlè tí wọ́n ti wé sílẹ̀. Ìwé tó kà ló fún un ní ìmọ̀ bí a ṣe ń gé aṣọ sí ara, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin Èkó tó ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ohun tí wọ́n ń fẹ́. Kò sí olùkọ́ St Martin's tó lè kọ́ ọ ní ìyẹn.

Ní àwọn ọdún 1950 ni iléèwé gíga fún iṣẹ́ ọnà wá fìdí múlẹ̀ nílé. Yaba Tech, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, ní ẹ̀ka ọnà, wọ́n sì ń kọ́ni ní iṣẹ́ ìtẹ̀wé mọ́ ọn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Zaria náà gba àwọn ọmọ láti ibi gbogbo. Ibẹ̀ ni Yusuf Grillo, ọmọ Èkó, ti gboyè, ó sì padà wá darí ẹ̀ka ọnà ní Yaba fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Zaria náà ni Demas Nwoko lọ. Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ló kọ́kọ́ wù ú, àmọ́ nígbà tó rí bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ náà, iṣẹ́ ọnà ló yàn. Lẹ́yìn náà ló fi ọgbọ́n ọwọ́ kọ́ ilé ìsìn àwọn Dominican n'Íbàdàn, ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ wò títí di òní. Ní 2023, ìpàtẹ iṣẹ́ ilé kíkọ́ tó ga jù lágbàáyé, èyí tó ń wáyé ní Venice, fún un ní àmì ẹ̀yẹ Kìnnìún Wúrà fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀. Ọkùnrin tí kò gba oyè nínú iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni wọ́n fi jọba iṣẹ́ náà.

Àsìkò kan náà ni àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ nípa Òṣogbo. Ní 1962, òṣèré Dúró Ládípọ̀ àti òyìnbó kan, Ulli Beier, ṣí ilé iṣẹ́ ọnà Mbari Mbayo síbẹ̀. Àwọn ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ lọ́dọ̀ ayàwòrán Georgina Beier ní 1964 kò gbé ìwé ẹ̀rí kankan dání. Jimoh Buraimoh ló ń tan iná fún ẹgbẹ́ òṣèré Ládípọ̀. Oníjó ni Twins Seven-Seven. Wọ́n fún wọn ní ọ̀dà àti pátákó, wọ́n ní kí wọ́n ṣe ohun tó wà nínú wọn. Láàárín ìgbà díẹ̀, wọ́n ń pàtẹ iṣẹ́ wọn nílẹ̀ òkèèrè. Àwọn kan tó jáde iléèwé bínú pé báwo ni àwọn tí kò kàwé ọnà yóò ṣe máa jẹ́ ọlọ́nà. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà: Buraimoh tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àwòrán lọ sí Zaria láti kẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn ọdún 1970, Muraina Oyèlámì ti Ìrágbìjí di olùkọ́ ní fásitì Ifẹ̀, àjọ UNESCO sì fi Twins Seven-Seven ṣe ọlọ́nà àlàáfíà ní 2005. Iṣẹ́ ló gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà iléèwé. Wọn kò sì fi ojú tínrín iléèwé nígbà tí wọ́n débẹ̀.

Nígbà tó yá, ìjọba rí i pé àwọn ilé iṣẹ́ ń ráhùn: ọmọ tó jáde iléèwé kò mọ iṣẹ́ é ṣe. Wọ́n dá àjọ ITF, tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́, sílẹ̀ ní 1971, àjọ náà sì bẹ̀rẹ̀ ètò SIWES ní 1973. Ètò yẹn ló ń gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá sọ́dọ̀ àwa oníṣọ́ọ̀bù. Ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, ọdún méjì ni OND, ọdún kan níbi iṣẹ́, lẹ́yìn náà ọdún méjì fún HND. Àárín gbùngbùn ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi iṣẹ́ sí. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ń fi ọdún yẹn wá ẹni tó máa bá wọn fọwọ́ sí ìwé lásán, wọ́n á sì padà láìfọwọ́ kan ẹ̀rọ.

Èmi náà gba ojú ọ̀nà yìí kọjá. Lẹ́yìn ìwé mẹ́wàá, mo lọ kọ́ iṣẹ́ kíkọ pátákó lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń fi okùn tó ní ẹfun lára na ìlà sórí pátákó. Ó kọ́ mi pé ojú la fi ń wọn àlàfo àárín lẹ́tà, kì í ṣe rúlà, nítorí A àti V tó bá jìnnà síra bí H àti I á dà bí eyín tó ká. Nígbà tí mo dé ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, mo bá ẹ̀kọ́ kan náà nínú ìwé, pẹ̀lú ìdí rẹ̀ àti ìtàn rẹ̀. Àwọn mìíràn ń há a sórí. Èmi ti mọ̀ ọ́n lọ́wọ́, ó wá yé mi. Ìgbà ìsinmi ni mo ń padà lọ kọ pátákó, owó yẹn ni mo fi san owó iléèwé.

Lónìí, mo ń rí ọmọ tó mọ CorelDRAW dáadáa tó fi lẹ́tà funfun tín-ín-rín sórí àwọ̀ mẹ́rin. Bí pléètì bá yẹ̀ bíńtín lórí ẹ̀rọ, yíǹkì á gbé lẹ́tà náà mì. Kò sí ohun tó ń dunni bí kí èèyàn tún ẹgbẹ̀rún káàdì tẹ̀ nítorí ìyẹn. Mo sì ń rí ọmọ ṣọ́ọ̀bù tó mọ ẹ̀rọ tinú-tẹ̀yìn, ṣùgbọ́n tí ilé iṣẹ́ ńlá bá pè é pé kó wá ṣàlàyé ìdí tó fi yan àwọ̀ kan, ọ̀rọ̀ á há a lọ́nà ọ̀fun. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Nítorí náà, ohun tí mo ń sọ fún wọn nìyí. Ìwọ ọmọ, má bi mí pé èwo ni kí o yàn. Béèrè ta ni yóò máa fún ọ níṣẹ́ ṣe nígbà tí o bá ń kàwé, àti ìwé wo ni wàá máa kà nígbà tí o bá ń ṣiṣẹ́. Bí owó HND bá wà, lọ, ṣùgbọ́n má fi ọ̀gá rẹ sílẹ̀. Bí kò bá sí, dúró, tọ́jú owó, iléèwé kò ní sá lọ. Ẹ̀yin òbí, ẹ má pe ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀lẹ nítorí pé kò tíì wọ aṣọ oyè. Ẹ̀yin ọ̀gá ẹlẹgbẹ́ mi ní Ṣómólú, ní Mọ́kọ́lá àti níbi gbogbo, ẹ jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ yín ráyè lọ sí ẹ̀kọ́, ẹ sanwó fún ọmọ IT tó bá ṣiṣẹ́ owó, ẹ sì fi ẹ̀rọ hàn án. Bí Ọnàbólú, Láṣekàn àti Fákẹ́yẹ ṣe kọ́ iṣẹ́ nìyẹn, iṣẹ́ wọn sì wà nílẹ̀ láti jẹ́rìí.